Káàdì Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ kó ọmọ wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Káàdì kan ni wọn yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. SeaPass ni Royal Caribbean ń pe tiwọn. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá, òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò bí ẹ bá ń jáde tàbí wọlé, òun náà lẹ fi ń rajà. Gbèsè ni o! Ẹ̀yin lẹ máa san án kẹ́yìn. Ọmọdé kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, káàdì tó ṣílẹ̀kùn ló tún ń fúnni ní súwíìtì. Nítorí náà, kí ẹ tó fún un, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti ọjà rírà pa lórí tirẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ owó yín wò.