Ẹ Má Ṣe Dá Ìyá Ọmọ Padà

Ìyá gbé ọmọ oṣù 9 pọ̀n wá gba abẹ́rẹ́ èèyi. Òṣìṣẹ́ ìlera ní kí ó máa lọ, nítorí pé ìgò oògùn tó ọmọ 10, ọmọ 3 péré ni ó sì wà níkàlẹ̀. Lóòótọ́, oògùn tí a bá ti pò kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ kí a tó dà á nù. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a ṣí ìgò náà, ìbáà ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni ó wá. Oògùn ṣeé rà. Ìyá tí ó pa ọjà tì, tí ó san owó ọkọ̀, lè má padà wá mọ́, èèyi kò sì ní dúró dè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, ẹ má ṣe jágbe mọ́ aboyún tí ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ààbò náà yóò dé ara ọmọ inú rẹ̀. Ìfura ni ó mú Kánò dá oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní ọdún 2003, àrùn náà sì tàn dé ilẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó tún gbà á ní 2004. Bí ara ọmọ yóò bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ìyá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ó tó kúrò níbẹ̀.