Òùngbẹ Kọ́, Omi Ni Ó Pa Á

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lásán lójú àwa tí a ń jókòó ní ìsọ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò ní igi kòkó díẹ̀ ní abúlé, tàbí ata àti ẹ̀fọ́ mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé?

Ọ̀rẹ́ mi kan, oníṣòwò aṣọ, fẹ́ gbin kòkó tuntun sí oko baba rẹ̀. Ó ra ọ̀rá, ó rọ ilẹ̀dú kún un, ó sì gbin kóró kòkó sínú wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́ olóṣooṣù, ó ní kí ó máa bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ó ń pọ́n. Ọ̀rẹ́ mi bínú gidigidi. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, mò ń bomi rin wọ́n, ẹ wò ó, ilẹ̀ rẹ̀ tutù." A kò gbà á gbọ́. Mo wí pé "a" nítorí pé èmi pẹ̀lú wà níbẹ̀, èmi ni mo sì dá sí i pé àwọn ọmọ ìwòyí kì í fẹ́ ṣiṣẹ́. A ní kí ó sọ omi náà di ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wọn fi kú tán, ọ̀rẹ́ mi sì lé ọmọ náà lọ láìsan owó oṣù rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń da àwọn ọ̀rá náà nù ni ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là: ẹnikẹ́ni kò lu ihò sí ìdí wọn. Gbòǹgbò ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó sì ń rùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé gbòǹgbò a máa mí. Àlàfo wíntín-wíntín wà láàárín erùpẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí omi bá kún àlàfo wọ̀nyí, ọ̀nà dí, nítorí pé afẹ́fẹ́ a máa rìn lọ́ra nínú omi tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju bí ó ti ń rìn níta lọ. Gbòǹgbò tí kò rí èémí mí kò ní agbára láti fa omi sókè mọ́. Ẹ wá wo ìyanu: igi dúró sínú omi, òùngbẹ sì ń pa ewé rẹ̀! Ìdí nìyí tí igi tí omi pọ̀ jù fún fi jọ èyí tí ọ̀dá mú. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Kì í ṣe gbogbo ohun ọ̀gbìn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ní ọ̀nà nínú ara rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò, òun ni ó fi ń gbádùn ẹrẹ̀. Iṣu kò lè fara da á, ebè tí àwọn baba wa ń kọ fún un ni kì í jẹ́ kí ó jókòó sínú omi.

Ọ̀dá náà kì í ṣe ohun eré. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò tí ń wá oúnjẹ fún kòkó kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, apá ibẹ̀ ni ọyẹ́ sì kọ́kọ́ ń gbẹ. Bí omi bá wọ́n, ewé a pa àwọn ihò kéékèèké ara rẹ̀ dé kí ìwọ̀nba omi tí ó ní má baà tán. Ṣùgbọ́n ihò wọ̀nyí kan náà ni afẹ́fẹ́ tí ó fi ń se oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà bí ó ti ń ṣọ́ omi ni ebi ń pa á. Òdòdó a rẹ̀, ọmọ kòkó a gbẹ mọ́ igi. Òjò tí kòkó ń fẹ́ tó mìlímítà 1,500 sí 2,000 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni ti agbègbè Ìbàdàn kì í sábà tó èyí. Ewé gbígbẹ tí ó bo ìdí kòkó ni kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi ilẹ̀ tán, síbẹ̀ àwọn olóko tí ń gbé ìlú a máa pàṣẹ pé kí a gbá a dànù, wọ́n ní ìdọ̀tí ni!

Lójú tèmi, kí a tó bu omi, kí a sì tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á ti ìka bọ ilẹ̀ náà dé oríkèé kejì. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín kí ó dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá tutù tí ewé sì ń rọ, ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ẹ wá ibi tí omi yóò gbà jáde.

Ọ̀rẹ́ mi wá ọmọ náà kàn, ó sì san owó oṣù náà fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, kò sì padà. Kóró kòkó mìíràn ti wà nínú ọ̀rá báyìí, ihò sì wà ní ìdí wọn. Èmi fúnra mi ni mo lu púpọ̀ nínú wọn.