Ọjọ́ Ìgbéyàwó Yín, Ẹ Má Ṣe Tijú Rẹ̀

Ní ojú ewé yìí, àwọn tí ó ti pẹ́ nínú ìgbéyàwó ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, àní àádọ́ta ọdún pẹ̀lú ara yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣí ìwé kọjá o. Ọ̀rọ̀ náà yóò kàn yín kí ó tó parí.

Ní Owódé Ẹ̀gbá níbí, a ti ṣàkíyèsí ohun kan. Bí tọkọtaya àgbà bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wọn, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ máa ń béèrè ni fọ́tò. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé e kọ́ sí iwájú ìjọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti í bẹ̀rẹ̀. Bàbá á húkọ́. Màmá á ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí fọ́tò. Bí ó bá sì wà, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ikán ti jẹ etí rẹ̀, aṣọ tí ìyàwó wọ̀ nínú rẹ̀, yíyá ni wọ́n yá a. Owódé ni orúkọ ìlú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ni owó kò tíì dé fún ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn! Àwọn tí kò rí ìrẹsì òkè òkun rà ni ó ń fi ìrẹsì ọ̀fadà ṣe àlejò nígbà náà. Lónìí, ọ̀fadà yìí kan náà ni àwọn olówó Èkó ń wá kiri fún àríyá wọn. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni í kó ìtìjú bá ènìyàn. Tọkọtaya kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1974. Náírà kò tíì ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ wa nígbà náà, a kò sì tíì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà títí di oṣù kejì ọdún 1976. Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún ní 2024, àwọn ọmọ wọn ní àwọn yóò gbé gbogbo ìnáwó. Bàbá gbà. Màmá kọ̀ jálẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Nígbà tí ó yá ni ó wá sọ tọkàn rẹ̀ fún wa. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì fọwọ́ sí i pé kí ó fẹ́ Kristẹni. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n to àga méjìlá sí apá ọ̀dọ̀ ìyàwó nínú ilé ìsìn. Kò sí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ títí ìsìn fi parí. Ó ní, "Bí mo bá ti rántí ọjọ́ náà, kì í ṣe ọkọ mi ni mo máa ń rí. Àga yẹn ni."

Kí ni ènìyàn lè sọ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí? A kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ Bíbélì pa á lẹ́nu mọ́. Ìtàn ìgbéyàwó kan ni a sọ fún un, èyí tí àga inú rẹ̀ ṣófo ju tirẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther nínú wa, nítorí Bíbélì Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí pé òun náà ṣe ọkọ ìyàwó rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ogun kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, ní 1821. Wọ́n kó o ní ẹrú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ni ó ti gba Jésù, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825.

Ní 1829, ó gbé ìyàwó. Asano ni orúkọ ìyàwó náà. Nígbà ìrìbọmi wọ́n sọ ọ́ ní Susan. Olùkọ́ ni, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ro ọjọ́ náà wò. Nílẹ̀ wa, ẹbí ní í fẹ́yàwó, ẹbí ní í fọmọ fún ọkọ. Ta ni wọn ì bá rán lọ tọrọ ìyàwó? Ọ̀dọ̀ ta ni wọn ì bá gbé obì àti orógbó ìdána lọ? Ọmọbìnrin kì í jáde lọ sílé ọkọ láìkúnlẹ̀ kí bàbá àti ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí kí wọ́n sì súre fún un. Bí ó bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, àwọn obìnrin ilé ni yóò bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Àjàyí kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láyé tàbí ó ti kú. Ìyá náà kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ń gbé ìyàwó lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé oko ni ó wà.

Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá. Wọ́n ti bímọ. Ọkọ ti bá àwọn òyìnbó lọ sí Odò Ọya ní 1841, ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti fi í joyè àlùfáà níbẹ̀ ní 1843. Ní oṣù kìíní 1845, tọkọtaya yìí gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, kú ní ọdún náà, ọ̀nà sì dí. Nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Ìgbà tí ó di 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, obìnrin kan wá sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àfàlà ni, ìyá Àjàyí. Ó ti ń gbé ní ìtòsí Abẹ́òkúta, ó sì gbọ́ pé ọmọ òun dé. Ọdún márùnlélógún ni wọn kò fi rí ara wọn! Ara ìyá náà ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀, omijé nìkan ni. Ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ láìsí i níbẹ̀ wà nínú ilé náà. Ó rí ìyàwó, ó sì rí ọmọ ọmọ.

Lójú tiwa o, ọjọ́ náà ni ìgbéyàwó 1829 tó parí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 1848, ìyá yìí ṣe ìrìbọmi, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. A kò sọ pé ilé Crowther rọrùn láti ìgbà náà lọ. Ọkọ tí ó ń rin Odò Ọya lọ rin ín bọ̀, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ìyàwó rẹ̀ á mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn dá nìkan sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abigail ọmọ wọn lọ sílé ọkọ (òun ni ìyá Herbert Macaulay), ó ní bàbá láyé, ó ní ìyá láyé, ó ní ìyá àgbà láyé. Èyí tí Susan kò rí, ọmọ rẹ̀ rí i. Ọdún kọkànléláàádọ́ta ìgbéyàwó wọn, ní 1880, ni Susan sùn nínú Olúwa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé lọ́jọ́ náà, ìyá tí kò sí níbi ìgbéyàwó!

Ẹ rántí Kánà ti Gálílì náà. Wáìnì tán lójú gbogbo àlejò. Títí di òní, a kò mọ orúkọ ọkọ, a kò mọ orúkọ ìyàwó. Ohun tí ó tán ni a mọ̀, àti Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó tán.

Màmá gbọ́ ìtàn yìí, kò sọ nǹkan kan fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a bá òun ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí òun. Ẹ má rò pé gbogbo wọn ni ó wá o. Púpọ̀ ti kú, àwọn kan kò sì dáhùn. Àwọn mẹ́rin ni ó wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn, Mùsùlùmí ni títí di òní. Ó jókòó ní apá ọ̀dọ̀ ìyàwó, ní iwájú pátápátá, pẹ̀lú gèlè àti ìbòrùn rẹ̀. Nígbà tí àkókò tó fún ẹbí ìyàwó láti súre, ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé àbúrò rẹ̀ lórí, ó sì fi orúkọ tí ìyá wọn máa ń pè é nígbà èwe pè é. Bàbá, tí ó ti ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ó kàn yín wàyí. A mọ àwọn kan nínú yín tí wọ́n ti ń sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú láti ọdún mẹ́ta, nítorí gbọ̀ngàn, nítorí aṣọ ẹbí, nítorí ẹni tí yóò ya fídíò. Ohun tí òfin ìgbéyàwó ilẹ̀ wa béèrè kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba kí ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìgbéyàwó náà láàárín oṣù mẹ́ta. Kí ìlẹ̀kùn ilé ìsìn wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Òfin kò béèrè kéèkì. Ohun tí ó béèrè, tí ọ̀pọ̀ kò sì bìkítà fún, ni pé kí ilé ìsìn náà ní ìwé àṣẹ ìjọba láti so ọkọ àti aya pọ̀. Opó ń jìyà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ẹbí ọkọ bá ní kí ó mú ìwé wá. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ díye lé aṣọ, ẹ tọ pásítọ̀ yín lọ, kí ó fi ìwé àṣẹ náà hàn yín.