Ceres Pé Ọdún 225, Ẹ Bá Wa Yọ̀!

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Palermo! Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, ó pé ọdún 225 géérégé tí àlùfáà Giuseppe Piazzi rí Ceres, àpáta ńlá kan tó ń yí oòrùn po, láti orí ààfin ọba tó wà ní ìlú yín, ní erékùṣù Sicily.

Ta ló tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn àpáta ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter? Ìràwọ̀ ni Piazzi ń ṣọ́, tó ń kọ ipò wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá rí i pé ọ̀kan ń ṣípò lálaalẹ́. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí di ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé, àìsàn sì dá a dúró. Kò pẹ́ tí ìtànṣán oòrùn fi bo ohun náà mọ́ gbogbo ayé lójú. Àfi Carl Friedrich Gauss, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 ní Jámánì, tó gbé ìwọ̀nba àkọsílẹ̀ Piazzi yẹn kalẹ̀, tó ṣírò ó, tó sì sọ ibi tí wọ́n á ti rí i. Kí ọdún 1801 tó parí, onímọ̀ ìràwọ̀ Franz Xaver von Zach rí i lóòótọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọpọlọ!

Piazzi sọ ọ́ ní Ceres Ferdinandea: Ceres, òrìṣà oko àwọn ará Róòmù, Ferdinand, ọba tó wà lórí oyè. Orúkọ ọba kò pẹ́ tó fi já bọ́, ti òrìṣà oko ló dúró. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Lọ́dún 2006 wọ́n fi Ceres joyè pílánẹ́ẹ̀tì aràrá, òun nìkan ló sì jẹ ẹ́ nínú àwọn àpáta tó wà láàárín Mars àti Jupiter.

Ibi tí ayọ̀ tèmi ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dawn dé ibẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2015, tó ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, orúkọ àwọn òrìṣà oko jákèjádò ayé ni wọ́n fi sọ àwọn kòtò tó wà lára rẹ̀. Fejokoo, tó ń fún àwọn Igbo níṣu, wà níbẹ̀. Yalode, tí àwọn obìnrin Dahomey ń bọ nígbà ìkórè, wà níbẹ̀: kòtò tirẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 260, ìlọ́po méjì ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn! Oxo náà wà níbẹ̀, òrìṣà oko tí àwọn ọmọ wa gbé dé Brazil. Kòtò tirẹ̀ kéré, kò ju kìlómítà 10 lọ, ṣùgbọ́n ó ń tàn yanran, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti rí omi dídì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyálóde gbogbo, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa nílé lóko, ẹ̀yin ọmọ wa ní Bahia ní Brazil, ẹ dìde, ẹ jó! Ayẹyẹ yín ni.