Ọsàn Ni Kẹ́ Ẹ Fún Ọmọ, Ìmọ̀ràn Nìkan Ò Tó

Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣu kì í ṣe ẹ̀fọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó 400 gíráàmù lójúmọ́, ó kéré tán, ṣùgbọ́n wọn ò ka iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ mọ́ ọn, torí sítáàṣì ló pọ̀ nínú wọn. Àsáró abọ́ kan, bó ti wù kó kún tó, òdo ni nínú ìṣirò yìí, àfi ewé tẹ́ ẹ bá já sí i.

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé àìmọ̀ ló fà á, pé tá a bá ti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ́. Èmi ò gbà. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2003 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo “5 A Day”: ìpín márùn-ún lójúmọ́, 80 gíráàmù níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di 2018, ìwádìí ìlera wọn fi hàn pé ìdá 28 péré nínú 100 àgbàlagbà ló ń jẹ ìpín márùn-ún. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ńkọ́? Ìdá 18. Lẹ́yìn ariwo ọdún 15 o!

Ṣùgbọ́n láti 2004, gbogbo ọmọ ọdún 4 sí 6 nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀ ló ń gba èso tàbí ẹ̀fọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ ilé ìwé. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Leeds tẹ èsì ìwádìí wọn lórí ètò náà jáde ní 2007. Láàárín oṣù mẹ́ta, ohun táwọn ọmọ ń jẹ lójúmọ́ fi bí ìdajì ìpín kan lé sí i. Àmọ́ àwọn tó bọ́ sí kíláàsì tí wọn kì í ti í fúnni mọ́ padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ṣì wà lórí, ápù ni kò sí lọ́wọ́ mọ́.

Àwa náà ńkọ́? A máa kọ “balanced diet” sí bọ́ọ̀dù, agogo á lù, ọmọ á sáré lọ ra bísíkíìtì àti súwíìtì, torí òun ló wà lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀, vitamin C inú ọsàn ló máa ń jẹ́ kí ara rí iron inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ gbà dáadáa, iron yẹn sì lara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n tún ètò oúnjẹ ilé ìwé wọn gbé kalẹ̀ ní 2012, wọ́n fi èso bí ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún oúnjẹ àwọn ọmọ. Irú ẹ̀ ni mò ń wí.

Ẹ máa ní ọjà ti gbóná jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ ra ápù. Ohun tó bá wà lásìkò ni kẹ́ ẹ rà: àgbálùmọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, máńgòrò tójò bá ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó ń jẹrà sílẹ̀ láwọn ibì kan. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tàbí ọmọ níléèwé, ẹ gbé e dé ìpàdé òbí àti olùkọ́: kí ìyá ọlọ́sàn náà rí àyè lẹ́nu géètì, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì dáwó ra èso, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.