Kí Ló Pa Bàbá Àgbà?

Ìbéèrè kan ni nọ́ọ̀sì bi ìyá ọ̀kan nínú wa ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti ní àìsàn kíndìnrín rí? Àwa tí a bá wọn lọ láti ṣe ògbufọ̀ kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán tí Màmá fi dáhùn. "Rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Nọ́ọ̀sì tẹ "kò sí" sínú kọ̀ǹpútà, ó kọjá sórí ìbéèrè mìíràn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Màmá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ.

Inú bọ́ọ̀sì la wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bàbá wọn ní Iléṣà: bí ẹsẹ̀ wọn ṣe wú, bí ojú wọn ṣe máa ń wú tí ilẹ̀ bá mọ́, bí èébì kò ṣe jẹ́ kí wọ́n lè jẹun mọ́ nígbẹ̀yìn. Àwọn náà ní ṣúgà. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe wọ́n. Lórí pósítà ìsìnkú, "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àìsàn ránpẹ́ tó gba ọdún mẹ́ta gbáko!

Kò sí ẹni tí kò mọ gbólóhùn yẹn nínú wa. Èrò tiwa ni pé ó ti ń gba ẹ̀mí lọ́wọ́ wa, pàápàá àwa tí a wà lẹ́yìn odi, níbi tí dókítà ti ń fi ohun tí a bá sọ nípa ẹbí wa pinnu bí òun ṣe máa tètè wá àìsàn kiri lára wa tó.

Ẹ ó ní kí ló kan dókítà òyìnbó nínú ohun tó pa bàbá wa ní Iléṣà. Ó kàn án, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́. Ẹni méjì lè ní ṣúgà fún ogún ọdún, kí wọ́n máa lo oògùn kan náà, kí kíndìnrín ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ti ìkejì máa daṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba àwọn asẹ́ tíntìntín inú kíndìnrín jẹ́, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n agbára asẹ́ yẹn kò rí bákan náà lára gbogbo wa. Ibẹ̀ ni ohun tí a jogún ti wọlé. Ní 1989, àwọn olùwádìí ní Minnesota ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ọmọ ìyá wò, àwọn tí àtọ̀gbẹ wà lára tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Níbi tí kíndìnrín ẹni àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ìyá wọn ló ní àmì àìsàn náà. Níbi tí ti ẹni àkọ́kọ́ kò ti ní wàhálà, ìdá 17 péré ni. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e.

Ọ̀kan lára wọn jáde ní 2019. Ènìyàn 19,406 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì rí i pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní COL4A3, tó wà lára àwọn tó ń mọ ògiri asẹ́ kíndìnrín, ní irú kan tó ń dáàbò bo ẹni tó bá jogún rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, a kí wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn 19,406 yẹn pátá, ìran Yúróòpù ni wọ́n. Ọmọ Iléṣà kankan kò sí níbẹ̀.

Jíìnì tí ọ̀rọ̀ tiwa wà nínú rẹ̀ ni APOL1. Kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye rẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ AA, AS àti SS, débi pé pásítọ̀ ń béèrè ìwé àyẹ̀wò kó tó so yìgì. Ẹ mọ̀ pé AS ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti bá ibà jà, ṣùgbọ́n tí S bá di méjì, wàhálà dé. APOL1 fara jọ ọ́. Ó ní irú méjì kan, G1 àti G2, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò àìsàn oorun jà, èyí tí eṣinṣin tsetse máa ń gbé kiri. Owó tí a fi ra ààbò yẹn, kíndìnrín ló ń san án. Ọdún 2010 ni àwọn olùwádìí tú àṣírí yìí, àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ìwádìí tẹ́lẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n rí i lára wọn.

Ní 2024, Dókítà Rasheed Gbadegesin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ fún wa jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jogún ẹyọ kan, nǹkan bí ìdá 30 ló jogún méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹyọ kan kò ṣe nǹkan kan. Ìwádìí yìí fi hàn pé ẹyọ kan náà ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu àìsàn kíndìnrín, pé méjì ń fi ìdá 25 kún un.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Kì í ṣe APOL1 ló ń dá àìsàn kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ń fà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 2013 ni pé tí kíndìnrín aláwọ̀ dúdú bá ti ń ṣàìsàn, tó sì jogún méjì, kíndìnrín rẹ̀ ń yára bàjẹ́ ju ti òyìnbó lọ, bóyá ó ní àtọ̀gbẹ tàbí kò ní. Àtọ̀gbẹ dáná, jíìnì ń fẹ́ ẹ.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní àkọsílẹ̀ ni, wọ́n á káwọ́ gbera. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà kan: "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa." Irọ́ ni ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jogún méjì yẹn kò ní ní àìsàn kíndìnrín títí ayé. Ìdí tó fi yẹ kí a mọ̀ ni pé iṣẹ́ wà láti ṣe. Ìtọ̀ díẹ̀ nínú ike lè fi hàn pé purotéènì ti ń jò gba inú asẹ́ kọjá, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó wú. Níbí ní Bìrìtéènì, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọọdún fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, síbẹ̀ nínú gbogbo àyẹ̀wò ọdọọdún yẹn, òun ni àwọn ènìyàn ń fò jù. A mọ àwọn òbí wa: wọn kò lè gbé ìtọ̀ sínú báàgì wọ bọ́ọ̀sì. Oògùn tó ń fa ọwọ́ àìsàn náà sẹ́yìn sì wà. Nínú ìwádìí canagliflozin tó jáde ní 2019, tí wọ́n fi 4,401 ènìyàn ṣe, oògùn yẹn dín ewu kí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ kù ní ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí dókítà kò fura sí, ta ni yóò kọ irú rẹ̀ fún un?

Ó tún wá le sí i tó bá di pé àbúrò fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n ní kíndìnrín kan. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n jogún lè wà lára àbúrò náà, kí ẹni tó ń fúnni wá di aláìsàn lọ́la. Ìwé "kò sí" kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí láti wò ó.

A mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, a kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ọmọ bá fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹbí á rán ẹni lọ wádìí: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ilé tí àìsàn ti bá orúkọ rẹ̀ jẹ́, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ̀rù mìíràn tún wà fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà: òfin tí wọ́n ṣe ní 2008 kò jẹ́ kí iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera tàbí agbanisíṣẹ́ fi jíìnì yan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kò bo adójútòfò ẹ̀mí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì, kó ro ìyẹn. Ṣùgbọ́n sísọ ohun tó pa bàbá ẹni fún ọmọ ẹni nínú yàrá ẹni kì í ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Kò gba kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Màmá pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní Iléṣà lórí WhatsApp. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bi ara wọn léèrè nípa òjò, nípa owó gáàsì. Nígbà tí Màmá béèrè, Bùọ̀dá dákẹ́ débi pé a rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kíndìnrín ni. Dókítà sọ fún wa nígbà yẹn. Àwa la ní kí ẹ má gbọ́." Wọ́n tún ní, "Àti àbúrò Bàwá tó wà ní Òṣogbo náà."

Màmá ní kí a pe ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n pa "kò sí" yẹn rẹ́.