Kí A Tó Dá Tọ́pù Gásíkẹ́ẹ̀tì Lẹ́bi

Ẹni tó bá ti wakọ̀ rí láti Ayọ̀bọ̀ gba Ìpájà lọ sí Ìyánà-Ìpájà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí dánfó, kọ́rọ́pẹ́, kẹ̀kẹ́ Máàrúwá àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá fún mọ́ ara wọn lójú títì, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mira, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ooru ń bá jà níbẹ̀. Kò ní ṣàì rí ọkọ̀ kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí èéfín ń rú túú, tí awakọ̀ sì di kẹ́ẹ̀gì omi mú. Kí ó tó pẹ́, àwọn adájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́ yóò ti pé lé e lórí: ọ̀kan a ní, "Ẹ da omi sí i, kí ẹ máa lọ", òmíràn a ní, "Tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, ẹ jẹ́ ká ṣí i." Ẹ̀yin ará Ayọ̀bọ̀ àti gbogbo Àlímọ̀ṣọ́, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ má gba ọ̀kankan nínú ìdájọ́ méjèèjì láìrí ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Láyé ọkọ̀ Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín ní Èkó lọ́dún 1975, ẹjọ́ yìí kò sí, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára; kò ní rédíétọ̀ rárá. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì wọn ká, wọ́tà pọ́ǹpù ló ń tì í kiri, tẹ́mósítáàtì ló ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 Celsius, rédíétọ̀ àti fáànù ló sì ń gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀ tú síta. Ìdérí rédíétọ̀ pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú di, ní iṣẹ́ tirẹ̀: bó ṣe tẹ omi náà mọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó hó bó bá dé 100. Ẹni tó bá fi ọ̀rá dí ẹnu rédíétọ̀ nítorí pé ìdérí ti sọnù ti pe wàhálà wá fúnra rẹ̀.

Tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló pààlà sí: iná tó ń bú nínú sílíńdà, omi, àti ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná rékọjá, orí rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, a wú, a sì tẹ̀. Ààlà a yẹ̀, àwọn tí kò yẹ kí wọ́n mọ ilé ara wọn a wá di àlejò ara wọn. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, gbígbóná ló bí gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó. Ẹni tó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò tún rédíétọ̀ tó dí ṣe yóò tún padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Kí ni ẹ̀rí, nígbà náà? Lówùúrọ̀ kùtù, tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ sì wo ojú omi. Bí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ bá ti jáde tán, tí ìfófòó kò sì dẹ̀yìn, a jẹ́ pé iná sílíńdà ti rí ọ̀nà wọ inú omi. Ẹ wo sàláńsà: èéfín funfun díẹ̀ tó jáde ní kùtùkùtù tó sì pòórá kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n èyí tí kò dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí ó sì ń ta òórùn dídùn kúláǹtì, omi àkànṣe inú rédíétọ̀, símú, ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti pàwọ̀ dà bíi tíì oní mílíìkì, ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́. Omi tó ń dín lójoojúmọ́ láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀ náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn èyí, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó gbé oògùn aláwọ̀ búlúù kan sẹ́nu rédíétọ̀, èyí tí í di yẹ́lò bí èéfín iná bá kàn án.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìpájà, tí ara rẹ̀ sì ń rọ̀ ní kété tó bá ń sáré, fáànù ni kí a kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Èyí tó ń gbóná nígbà tó bá ń sáré ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, rédíétọ̀ tó dí tàbí wọ́tà pọ́ǹpù tó rẹ̀ ni ká bi. Owó àwọn wọ̀nyí kò tó owó ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì.

Èmi kò bú àwọn mẹkáníìkì wa, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé, tí irin kì í jìnnà sí ọwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì títí tó fi di èdè fún wọn. Síbẹ̀, àṣà méjì kan wà tí mo kórìíra. Ìkínní ni yíyọ tẹ́mósítáàtì sọnù pẹ̀lú àlàyé pé ilẹ̀ wa kì í tutù. Ọkọ̀ tó pàdánù rẹ̀ a pẹ́ kí ó tó gbóná bó ṣe yẹ, a máa jẹ epo. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, omi a tilẹ̀ yà kúrò lọ́nà rédíétọ̀. Ìkejì ni dída omi kànga sínú rédíétọ̀ dípò kúláǹtì. Kì í ṣe òtútù nìkan ni kúláǹtì ń lé: ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Camry tí à ń pè ní Big Daddy, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, tó pọ̀ lójú títì wa. Àìlera tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 2AZ-FE, ni pé ojú ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì wọ̀ sí nínú bulọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù a máa yẹ̀, pàápàá lápá ẹ̀yìn, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí ẹ bá ra gásíkẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ ní ọjà Ládìpọ̀, tí ẹ kò sì tún ojú ihò náà ṣe, owó yín ti wọgbó, nítorí kò sí ohun tí bóòtù yóò dì mú.

Nígbà tí ọwọ́ atọ́ka ooru bá sì ń gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ jẹ́ n tiraka dé Ayọ̀bọ̀ ná" ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju ohun tí ọjọ́ ogbó bà jẹ́ lọ. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí omi inú rẹ̀ a máa ta sókè, a sì máa bó ènìyàn lójú. Ẹ má sì da omi tútù sínú rẹ̀ tàbí lé ẹ́ńjìnnì lórí, kí irin má baà là. Ẹ fún un láyè kó tutù. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ẹ máa wo omi àti ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ooru má baà bá yín lójijì.

Bí ẹ̀rí bá sì fi hàn gbangba pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó lóòótọ́, ẹ bèèrè kí wọ́n gbé irin gígùn tó tẹ́ lé orí ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ fi ojú ara yín rí i bóyá ó ti tẹ̀. Bó bá tẹ̀, kí wọ́n gbé orí náà lọ fá kí ó lè tẹ́. Kí wọ́n pààrọ̀ bóòtù tó ti nà. Kí wọ́n sì fi sípánà tó ń wọn agbára mú wọn le, láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe agbára apá lásán. Kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi dá tẹ́mósítáàtì padà sí àyè rẹ̀.